Ta Ló Ń Dé Àwọn Mẹ́ńtọ̀ Orí Géèmù Yìí Ládé?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dé àwọn mẹ́ńtọ̀ orí géèmù wa yìí ládé, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ta? Mo ní ta ni? Torí ohun tójú àbúrò mi rí lálẹ́ àná, mi ò tíì lè sùn kó kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Àwọn tó ní adé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, tí wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda ara àwọn láti máa tọ́ ọ̀gbẹ̀rì sọ́nà. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á máa gun ẹṣin olówó ńlá káàkiri ìlú àkọ́kọ́ inú géèmù kí gbogbo ayé lè rí wọn. Ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n á di ère.

Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí WAEC ni. Ilé ló wà ní Ọbańtókò l'Abẹ́òkúta níbí, ó ń retí èsì. Mo ní dípò kó máa fi ìka ti fóònù sókè sódò, kó wá bá mi ta géèmù. Ó yan healer, ẹni tó ń wo ẹgbẹ́ sàn nínú ìjà. Ẹni bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ aláìlọ́pẹ́ ni: bí ẹgbẹ́ bá yè, kò sẹ́ni tó máa kí i, bí wọ́n bá kú, òun ló pa wọ́n. Tank lèmi ń ṣe ní tèmi, ẹni tó ń síwájú gba ìyà fún ẹgbẹ́, mi ò mọ oríkì healer. Mo ní, lọ bi àwọn mẹ́ńtọ̀, ṣebí torí ẹ ni wọ́n ṣe dá ibi ìtàkùrọ̀sọ àwọn tuntun sílẹ̀.

Ọmọ náà wọlé, ó kọ́kọ́ kí wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ́ nílé: "Good evening sirs and mas." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í bóyá òun ni ọmọ ọba Nàìjíríà tó fẹ́ fún wọn lówó. Mẹ́ńtọ̀ lẹni yẹn o! Adé ẹ̀ ń dán yanran.

Ó gbójú fò ó. Ó bi wọ́n pé bí tank àti ẹlòmíì bá jọ ń kú lọ, ta ni kóun kọ́kọ́ wò sàn. Ṣé ìbéèrè burúkú nìyẹn? Ìdáhùn ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: gba tank là ná, torí bó bá ṣubú, gbogbo yín lẹ máa bá a lọ. Ó tán! Àwọn ń jiyàn lórí aṣọ tuntun tó jáde. Ó tún un bi. Ọ̀kan ní kó lọ wò ó lórí Google. Òmíì ju líǹkì fídíò kan sí i, fídíò tó gùn ju ìwàásù ọjọ́ ìkórè lọ. Fídíò! Lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn oníléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé káwọn oníléeṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ta ni yóò san dátà yẹn, bàbá ẹ?

Bó ṣe bọ́ sínú dọ́njìn nìyẹn, ibi tí ẹgbẹ́ ti ń jọ bá àwọn ẹranko jà, èyí tí wọ́n ṣe fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátápátá. Mo jókòó tì í. Ẹ wò ó, aládé kan wà nínú ẹgbẹ́! Mo ní àdúrà ti gbà. Aládé ò kí ẹnikẹ́ni. Ó sáré wọlé, ó kó gbogbo ẹranko yàrá mẹ́ta jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó wọn wá bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bọ́tìnì. Àfi gbì, wọ́n mú iná lọ. Láptọ́ọ̀pù ò kú, ráútà ló kú. Tẹ́lẹ̀ náà ńkọ́, ṣé ó ń yá ni? Yúróòpù ni sáfà wà, kọ̀ǹpútà tí géèmù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì ní Ọbańtókò, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun lọ, kó gba abẹ́ òkun bọ̀. Kí n tó fi fóònù mi gbé e padà, gbogbo wọn ti na gbalaja sílẹ̀.

Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Sorry sir, light." Aládé fèsì: "lol." Ó wá pe ìbò kí wọ́n lé e jáde. Àwọn méjì yòókù tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá wọn ò tilẹ̀ kà á. Wọ́n lé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kúrò níbi ìkọ́ṣẹ́!

Ó rọra pa láptọ́ọ̀pù dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ta géèmù yín," ó bá lọ ṣa ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá wa.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ẹṣin ni wọ́n ń wá! Nínú géèmù Final Fantasy XIV, mẹ́ńtọ̀ tó bá parí iṣẹ́ 2,000 nínú roulette wọn, níbi tí géèmù ti ń ṣà á yan iṣẹ́ fún wọn, ló ń gba ẹṣin Astrope. 2,000! Ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé fún ọ̀gbẹ̀rì nígbà tó ń ka iye tó kù? Géèmù World of Warcraft náà dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2020, wọ́n ní ẹni tó máa jẹ́ Guide, ìyẹn mẹ́ńtọ̀ tiwọn, gbọ́dọ̀ ti parí quest, iṣẹ́ tí géèmù ń rán èèyàn, 3,000. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti bi í bóyá ó lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́.

Àwọn oníléeṣẹ́ gan-an ló ń dùn mí jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́. Ní ọdún 2000, àwọn kan tó yọ̀ǹda ara wọn nínú géèmù Ultima Online gbé ilé-iṣẹ́ tó ni ín lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní iṣẹ́ làwọn ń ṣe, ẹ sanwó. Lónìí, adé lowó oṣù. Mo sì mọ mẹ́ńtọ̀ kan tó dáa o, ará Brazil, tó máa ń dúró ti ọ̀gbẹ̀rì títí dòru. Ó ti bọ́ adé tiẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun láti dé e.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n kó gbogbo aládé wá sí Ìtòkú, kí wọ́n fà wọ́n lé àwọn ìyá aláàdìrẹ lọ́wọ́. Kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n di aṣọ títí èékánná wọn á fi dúdú fún aró, kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí ọ̀gá láràárọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ tuntun láìní kó lọ wo Google, ká ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ká pa màlúù, ká dé e ládé. Àwọn tó kù, ká gba ẹṣin wọn, ká lọ tà á ní Láfẹ́ńwá, ká fi ra dátà.