Àtúnṣe: Lẹ́tà ńlá kì í gbé ènìyàn lọ sí ìkànnì gbájúẹ̀
Àwọn kan ń tàn án kálẹ̀ pé ẹni tó bá fi lẹ́tà ńlá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì báńkì rẹ̀ yóò já sí ọwọ́ gbájúẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Paul Mockapetris ti gbé DNS, ètò tó ń wá nọ́ńbà tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ ní ọdún 1983 ni ètò náà kò ti fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bíráúsà fúnra rẹ̀ a máa sọ WIKIPEDIA.ORG di wikipedia.org kí ó tó béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn ìlà ìdábùú (/) tó tẹ̀lé orúkọ ìkànnì nìkan ni lẹ́tà ńlá ti lè ṣe ìyàtọ̀, orí ìkànnì kan náà ni a ó sì wà síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́, tí wọn kò tilẹ̀ mẹ́nu bà, ni kí nọ́ńbà 1 rọ́pò lẹ́tà l, nítorí orúkọ mìíràn pátápátá nìyẹn lójú DNS.