Àtúnṣe: Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni Yunifásítì Ìbàdàn wà fún

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp pé láti ọdún 1948 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, kò sí àǹfààní kankan tí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń wo géètì ilé ẹ̀kọ́ náà láti ìta lè tètè gbà á gbọ́.

Láti ọdún 1963 ni yunifásítì náà ti ní ètò ìlera ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti máa ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n ń bá àwọn ará ibẹ̀ tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n sì ń wọlé tọ àwọn ará abúlé láti mọ ohun tó ń fa àìsàn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yunifásítì náà ti ń kọ́ṣẹ́, ń tọ́jú tolówó tàlákà. Ọgbà ẹranko yunifásítì náà pẹ̀lú ń gba àlejò.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Igbó-Ọrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.