Ta ló fẹ́ fún ọ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọjà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Àbúrò mi kan tó jẹ́ káfíńtà ní kí n bá òun wo ìwé ètò òwò òun kí òun tó gbé e lọ síbi tí òun ti fẹ́ yáwó. Ọmọ tó mọṣẹ́ dójú àmì ni. Ó sì sanwó gidi fún ẹni tó bá a kọ ìwé náà.

Kí ni wọ́n wá kọ? Èróńgbà wa, ìran wa, àwòrán mèremère. Wọ́n ní owó ńlá ló wà nínú ọjà àga lágbàáyé, pé tí òun bá lè rí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbà, ó ti bùṣe. Gbólóhùn yẹn gan-an ló ká mi lára! Ta ló fẹ́ gbé ìdá kan náà fún un? Ilé ìwé méjì ti ní àwọn fẹ́ ra àga lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò dárúkọ ọ̀kankan nínú ìwé yẹn.

Mo bi í pé ìgbà wo làwọn ilé ìwé yìí máa ń sanwó.

"Ẹ̀gbọ́n, ó máa ń tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bá kó ọjà fún wọn."

Pákó ńkọ́? Ojú ẹsẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Oṣooṣù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò! Oṣù kìíní, owó ń jáde. Oṣù kejì, owó ń jáde. Ìwé yẹn sì ń pariwo pé èrè ti dé. Òótọ́ ni, èrè wà lórí ìwé torí pé ó ti tà á, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ la fi ń san owó oṣù. Òwò tó ń jèrè lè kú síbẹ̀. Owó ẹ̀rọ ló tọrọ, kò tọrọ owó tí yóò máa ná kí àwọn ilé ìwé tó sanwó!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé Andy Bechtolsheim, olówó kan tó ń fowó sí òwò tuntun, kàn rí iṣẹ́ Google ní 1998 ni, ló bá kọ sọ̀wédowó 100,000 dọ́là. Ó dáa. Ẹ̀rí ló rí, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ẹ̀rí yín síwájú! Ẹ kọ ewu ibẹ̀ náà. Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ sọ fún àwọn tó kọ́kọ́ fowó sí i pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo owó wọn ṣòfò, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ewu náà, wọ́n ṣì fún un.

Nígbà tí mo bá àbúrò mi wí tán, ó fi fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ yá a lówó hàn mí. Àwọn gan-an ló ní kó kọ iye ọjà lágbàáyé, kó sì kọ iye tó máa pa fún ọdún márùn-ún. Kò síbi tí wọ́n ti bi í pé ìgbà wo ni oníbàárà ń sanwó. Mi ò wá mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí mọ́. A ti to owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde loṣooṣù, a fi í ṣáájú gbogbo ìyókù. Bóyá wọ́n á kà á, mi ò lè sọ.