Báákìn páúdà tó pọ̀ kọ́ ló ń mú kéèkì wú

Lánàá ni ọmọ àdúgbò wa kan yan kéèkì, àárín ẹ̀ jìn kòtò, màmá kan tó dúró tì í kàn dá a lóhùn pé "o ò da báákìn páúdà tó sí i ni, ìgbà míì da ṣíbí méjì kún un." Àgbà ni wọ́n, mi ò lè já wọn nírọ́ lójú ọmọdé, àmọ́ inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí nǹkan tó ba kéèkì ọmọ yẹn jẹ́ gan-an ni wọ́n ní kó tún lọ fi kún. Mo bi í ní kọ̀rọ̀ pé mélòó ló dà sí i. Ṣíbí ìjẹun méjì, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà, fún ife fúláwà méjì péré!

Èmi náà ti ṣe é rí. Ọjọ́ìbí ọmọ mi ni, mi ò ní ófùn, mo da yanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, mo gbé páànù kéèkì lé e, mo sì da páúdà bí wọ́n ṣe ń sọ yẹn. Kéèkì yẹn wú débi pé ó fẹ́ kan ọmọrí, inú mi dùn, kò pẹ́ tó fi rì wọlẹ̀ pátá, ìgbà tá a sì gé e, ó korò bí ọṣẹ, ọmọ tu ti ẹ̀ dà nù.

Mo wá dán an wò. Fúláwà kan náà, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà kan náà, mo pín in sí páànù kékeré méjì nínú ìkòkò kan náà, ife fúláwà kọ̀ọ̀kan, ṣíbí tíì kan nínú ọ̀kan, mẹ́ta nínú èkejì. Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Oníṣíbí kan wú díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró, oníṣíbí mẹ́ta ló kọ́kọ́ ga, òun náà ló rì, inú ẹ̀ kún fún ihò ńláńlá, ó ń rún lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bẹ́ẹ̀.

Sódà àti ásíìdì gbígbẹ ló wà nínú páúdà yẹn. Tí omi bá ti kàn án ó máa tú afẹ́fẹ́, iná á tún mú kó tú sí i, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé kéèkì sókè. Àmọ́ ẹyin àti fúláwà gbọ́dọ̀ dì kí wọ́n tó lè gbé e dúró. Tí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù, á wọnú ara wọn, á bẹ́ kí wọ́n tó dì, bí ẹni gbé òrùlé lé ògiri tútù. Apòògùn ló ṣe nǹkan yìí, Alfred Bird ní Birmingham lọ́dún 1843, nǹkan apòògùn sì ní ìwọ̀n: ṣíbí tíì kan, ó pọ̀ jù kan àti díẹ̀, fún ife fúláwà kan.

Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni màmá àwọn ṣe ń dà á tó sì ń wú. Ó ṣeé ṣe kí páúdà yẹn ti kú tipẹ́ ni o, kí agbára ẹ̀ ti lọ. Ó dáa, mo gbà pé téèyàn bá tètè ṣí ọmọrí, kéèkì lè rì, ìyẹn ò sọ ṣíbí tíì mẹ́fà di méjì.

Mo lọ bá ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí, a da ìdajì ṣíbí páúdà inú náílọ̀n tó rà lọ́jà sínú omi gbígbóná, ojú ẹsẹ̀ ló hó. Páúdà ẹ̀ ò níṣòro. Ọ̀la ló máa tún un yan, ṣíbí tíì méjì péré ni mo sọ fún un.