Pé o rí hẹlikọ́pítà ò ní kó jẹ́ pé òun náà ti rí ẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà ní UK níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ sétí òkun tàbí tẹ́ ẹ máa ń bá ẹgbẹ́ lọ gun òkè, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń dùn mí torí ó lè pa èèyàn. Wọ́n á ní tó o bá ti rí hẹlikọ́pítà pupa àti funfun ti Coastguard yẹn (àwọn tó ń wá ẹni tó wà nínú ewu kiri) lókè, fọkàn balẹ̀, wọ́n ti rí ẹ nìyẹn. Irọ́ ni o.

Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù October kan, àwa mẹ́fà la lọ gun òkè ní Eryri, ìyẹn Snowdonia ní Wales, bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ sister kan rọ́, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kùrukùru ti bo gbogbo ibẹ̀. A pe 999, a béèrè ọlọ́pàá, a wá ní Mountain Rescue, ìyẹn àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí òkè, la fẹ́ (bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí òkè nìyẹn, tó bá jẹ́ etí òkun, Coastguard ni kẹ́ ẹ béèrè). Nígbà tá a gbọ́ ìró hẹlikọ́pítà, tá a rí iná ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ọpẹ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í dá, ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa ní ká pa tọ́ọ̀ṣì kí bátìrì má tán, la bá jókòó. Ó kọjá. Ó tún padà wá, ó tún kọjá. Ìgbà tí ẹ̀rù wá bà wá, tá a tan gbogbo tọ́ọ̀ṣì àti fóònù tó wà lọ́wọ́ wa, ìgbà yẹn ló tó kọjú síbi tá a wà.

Ẹ wo ibi tí páílọ́ọ̀tì jókòó sí ná. Ìwọ ń wo nǹkan ńlá kan ṣoṣo lójú sánmà, òun ń wo ilẹ̀ tó lọ salalu, òkúta, koríko, àgùntàn, ìwọ wá dúró sáàárín wọn pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì dúdú. Ti òkun tiẹ̀ le jù, torí orí nìkan ló ń yọ, kò sì ju àgbọn tó léfòó lọ, ìgbì sì ń ru funfun káàkiri. Èèyàn mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀: páílọ́ọ̀tì méjì, ẹni tó ń darí okùn tí wọ́n fi ń fa èèyàn sókè, àti ẹni tó ń tẹ̀ lé okùn sọ̀ kalẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n ní kámẹ́rà tó ń rí ooru ara, àmọ́ kùrukùru tó bá ki máa ń dí i lójú, ẹni tó bá sì wà nínú omi tútù, ooru orí ẹ̀ nìkan ló kù tí kámẹ́rà lè rí.

Bí ẹni ń ro oko ni wọ́n ṣe ń wá èèyàn, poro kan tán, wọ́n á yí sí òmíì. O lè rò pé ọ̀dọ̀ ẹ ló ń bọ̀, kó jẹ́ pé poro tó kàn ló fẹ́ mú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó o sọ̀rètí nù tó bá kọjá lọ, múra sílẹ̀ fún ìgbà tó máa padà.

Kí lèèyàn máa ṣe? Na apá méjèèjì sókè bíi lẹ́tà Y, ìyẹn ni pé mo nílò ìrànlọ́wọ́. Tó o bá na ọ̀kan sókè, ọ̀kan sílẹ̀, ohun tó ń sọ fún wọn ni pé o ò nílò wọn. Ọwọ́ kan tá a sì máa ń jù yẹn, gbogbo ẹni tó ń gbafẹ́ kiri ló ń jù ú sí hẹlikọ́pítà, ìkíni ni wọ́n máa kà á sí. Lóru, tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, sinmi ìṣẹ́jú kan, tún bẹ̀rẹ̀. Fèrè náà, bó ṣe rí nìyẹn, hẹlikọ́pítà ò ní gbọ́ ọ ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹsẹ̀ gun òkè bọ̀ máa gbọ́. Tó bá ti ń bọ̀ tààrà, yí iná sílẹ̀, má tàn án sí wọn lójú. Okùn tí wọ́n bá jù sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án àfi tó bá ti kanlẹ̀ tàbí kan omi, torí iná mànàmáná máa ń kóra jọ sára hẹlikọ́pítà, ó sì lè gbé ẹ. Di báàgì ẹ mú pẹ̀lú, atẹ́gùn abẹ́ ẹ̀ lágbára gan-an.

Ohun míì tó ń jẹ́ káwọn èèyàn wa pẹ́ kí wọ́n tó pè ni owó. Wọ́n gbọ́ pé látọdún 2015, kọ́ńpìnì kan tó ń jẹ́ Bristow ló ń wa hẹlikọ́pítà náà fún Coastguard, kì í ṣe ológun mọ́, wọ́n wá rò pé bíìlì máa tẹ̀ lé e wálé. Ìjọba ló ń sanwó ẹ̀, wọn ò ní bi ẹ́ ní kọ́bọ̀. Àwọn Mountain Rescue tiẹ̀ ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni, iṣẹ́ tara wọn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ wá. Ẹ tètè pè kílẹ̀ tó ṣú, torí lọ́sàn-án, láàárín ìṣẹ́jú 15 ló yẹ kí wọ́n ti gbéra, lóru ó lè tó 45.

Sister yẹn ti ń rìn dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì méjì ló máa ń wà nínú báàgì ẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó pa á.