-O3 kì í ṣe oògùn eré sísá

Lánàá, nítòsí Ọláìyá níbí l'Óṣogbo, àbúrò kan tó mọ kóòdù kọ dáadáa tún sọ ọ́ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà fi -O3 àti -march=native kọ́npáìlì ẹ̀, eré ló máa sá." Kọ́npáìlì ni kí ẹ̀rọ sọ kóòdù di prógíráàmù tí kọ̀ǹpútà lè ṣe; -O1, -O2 àti -O3 la fi ń sọ fún un bó ṣe máa sapá tó láti jẹ́ kí prógíráàmù náà yá, -O3 ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yìí sọ ti sú mi. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọ́n á ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wọ̀n ọ́n wò wà. Ní 2013, Charlie Curtsinger àti Emery Berger ní Yunifásítì Massachusetts, l'Ámẹ́ríkà, rí i pé ibi tí kóòdù bọ́ sí nínú mẹ́mórì nìkan tó láti mú kí prógíráàmù yá tàbí kó falẹ̀. Wọ́n bá kọ Stabilizer, tó ń da ibi tí kóòdù àti dátà wà rú léraléra bí prógíráàmù ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, kí oríire má bàa bá wọn dá sí ìwọ̀n náà. Wọ́n fi LLVM, ohun èlò tó ń kọ́npáìlì kóòdù, àti SPEC CPU2006, àkójọ prógíráàmù tí wọ́n fi ń wọn eré kọ̀ǹpútà, dán an wò. -O2 yá ju -O1 lọ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí -O3 fi lé ti -O2, wọn ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àyípadà tó kàn ń ṣèèṣì wáyé. Èrè táṣẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ rí lórí laptop yín, ẹ fi ìlà kan kún kóòdù yín, ó lè pòórá.

-march=native wá ńkọ́? Gbogbo àṣẹ tí pròsẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ fi kọ́npáìlì mọ̀ ló máa lò. Pròsẹ́sọ̀ Intel ò ní AVX2, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń ṣe ìṣirò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣáájú Haswell, ìran pròsẹ́sọ̀ wọn ti 2013. Ẹnì kan kọ́npáìlì prógíráàmù ọjà títà sórí laptop tuntun, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ókè-Fìà tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti pẹ́. "Illegal instruction" ló kọ, ìyẹn ni pé pròsẹ́sọ̀ ò mọ àṣẹ náà, ló bá kú. Èmi ni wọ́n pè.

Mo fi -O2 lásán kọ́npáìlì ẹ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń falẹ̀. Mo fi perf, irinṣẹ́ tó ń fi ibi tí àkókò ń lọ hàn, wò ó: strcmp, iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, ló ń jẹ àkókò. Gbogbo rìsíìtì tí wọ́n bá tẹ̀, ó ń wá orúkọ ọjà láti òkè lísìtì dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, glibc, àkójọ iṣẹ́ èdè C tí strcmp wà nínú ẹ̀, fúnra ẹ̀ ti ń yan strcmp tó bá pròsẹ́sọ̀ mu bí prógíráàmù bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni -march=native fẹ́ fi kún un?

Ẹni tó ń ṣe ìṣirò fídíò tàbí mátíríìsì lè jèrè AVX2, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí, hash table, tó ń lọ tààrà síbi tí orúkọ ọjà wà, ni mo fi rọ́pò lísìtì. Rìsíìtì ń jáde lójú ẹsẹ̀ báyìí, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn náà.