Pápákọ̀ òfurufú Cochin ló yẹ kí àwọn aláṣẹ wa lọ wò

Tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ní pápákọ̀ òfurufú bá délẹ̀, géètì tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ àti rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi hàn wá. Wọ́n dára, n kò bù wọ́n kù. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù kò sí ní Singapore tàbí Dúbáì. Ìlú Kochi, tí wọ́n tún ń pè ní Cochin, ló wà, ní ìpínlẹ̀ Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà.

Owó iná ló ń dun àwọn alákòóso ibẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú kì í sùn: ẹ̀rọ amúlétutù, iná ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé, ẹ̀rọ tó ń yẹ àpò wò, gbogbo wọn ló ń jẹ iná tọ̀sán-tòru. Ní 2013, wọ́n to páńẹ̀lì sólà díẹ̀ sórí òrùlé ilé tí èrò ń gbà wọlé. Kìlówáàtì 100 péré ni. Wọ́n ṣọ́ ọ, ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n bá fi mẹgawáàtì 1 kún un, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Ìyẹn náà dáa kí wọ́n tó bọ́ sórí ilẹ̀ éékà 45 nítòsí ibùdó ẹrù, tí wọ́n to páńẹ̀lì tó lé ní 46,000 síbẹ̀. Páńẹ̀lì wọ̀nyẹn, tí agbára wọn jẹ́ mẹgawáàtì 12, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2015, Cochin sì di pápákọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ lágbàáyé tí oòrùn ń pèsè gbogbo iná rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, lóru ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Wọn kò lọ kó bátìrì rẹpẹtẹ jọ. Iná tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án, wọ́n ń tì í sórí wáyà iná ìpínlẹ̀ náà, mítà ń kà á. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gba tiwọn padà, bí ẹni tó ń dá àjọ lọ́sàn-án tó sì ń kó o lálẹ́. Bí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kò bá gbà sí àdéhùn yẹn ni, òkùnkùn ni gbogbo páńẹ̀lì wọ̀nyẹn ì bá máa wò lálaalẹ́.

Omi tí wọ́n fi ń fọ páńẹ̀lì ń mú kí koríko hù. Wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sáàárín àwọn páńẹ̀lì náà, nígbà tó yá wọ́n kó ewúrẹ́ wọbẹ̀ láti máa jẹko. Inú mi dùn gan-an sí èyí.

Omíyalé dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ó bo pápákọ̀ náà, ó ba páńẹ̀lì jẹ́, bàálù kò gbéra níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún un ṣe. Ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní Champions of the Earth, àmì ẹ̀yẹ fún àwọn tó ń dáàbò bo àyíká. Nígbà tó di 2021, wọ́n kọ́ ibùdó iná kékeré sórí odò ní Arippara, nítorí pé ìgbà òjò tí oòrùn ń fà sẹ́yìn gan-an ni odò ń kún.

Nílé níbí, ohun ńlá la fẹ́ràn láti kéde. Biliọ̀nù báyìí, ilé tuntun báyìí. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń dun pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká sì fi kékeré dán an wò níbi tí àṣìṣe kò ti ní dá gbogbo orílẹ̀-èdè dúró. Ìbàdàn àti Akúrẹ́ yẹ fún un: bàálù ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti Ìkẹjà, ilẹ̀ sì wà. Ẹ fi òrùlé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí àwọn ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó máa bójú tó o, kí wọ́n gbé iye iná tó mú wá jáde lóṣooṣù kí gbogbo wa lè kà á, kí wọ́n sì ti bá IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Ìbàdàn, jókòó lórí ọ̀rọ̀ mítà kí wọ́n tó ra páńẹ̀lì àkọ́kọ́.